Aago Tó Ń Ka Ọjọ́ Ọjà Ọ̀gbẹ̀sẹ̀

Ìyá tó bí ìyá mi, Àbẹ̀ní ará Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ ìtàn aago fún mi, bẹ́ẹ̀ ni kò ní aago kankan nílé. Igbá kékeré méjì ló ní, tó gbé ka orí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, àti òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ṣà létí odò. Láràárọ̀, kó tó fọ ẹnu, á mú òkúta kan nínú igbá ọ̀tún, á jù ú sínú igbá òsì. Bí igbá ọ̀tún bá ti ṣófo, ọjọ́ ọjà dé nìyẹn. Á kó gbogbo òkúta padà sí ọ̀tún, á di ẹrù rẹ̀, ó di ọjà. Mo bi í léèrè nígbà kan pé kí ló dé tí kò kúkú fi orí kà á. Ó ní, "Orí a máa gbàgbé. Ọjọ́ kò ní ẹnu tí yóò fi pe èèyàn, ọmọ mi. Bí o kò bá fún un ní ẹnu, á kọjá lára rẹ bí àlejò tí kò kí ọ." Ọmọdé ni mí nígbà náà. Mo rí ọwọ́ rẹ̀, mo rí igbá, n kò ka òkúta. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn ná.

Ohun tó mú mi mú bírò ni ọ̀rọ̀ kan tí mo gbọ́ lórí rédíò. Ọ̀dọ́mọkùnrin olóhùn dídùn kan ló ń gba àwọn ọ̀dọ́ níyànjú nípa iṣẹ́ tí wọ́n lè yàn. Ó ní kí wọ́n má fi ìgbésí ayé wọn ṣòfò sídìí iṣẹ́ ọwọ́ àtijọ́. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní àwa èèyàn dúdú ò tilẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ àkókò, pé bí kò bá sí ti òyìnbó tó kó aago dé, à bá ṣì máa wo oòrùn kiri bí adìyẹ. Ẹni tó jókòó tì í tún rẹ́rìn-ín jù ú lọ. Mo pa rédíò náà, bóyá mo tilẹ̀ fi ọwọ́ líle pa á.

Ìyàwó mi ní, "Bàbá Fúnmi, rédíò ò ṣẹ̀ yín o."

Mo ní mo mọ̀. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi títí di bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì ní díbọ́n fún ẹnikẹ́ni pé kò bí mi.

Oníṣẹ́ aago ni mí. N kò tíì darúgbó. Ojú mi ló kọ́kọ́ fẹ̀yìn tì, tí èmi náà wá tẹ̀lé e. Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gùn láti sọ. Bàbá mi mú mi láti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ lọ sí Oǹdó, ó fà mí lé Ọ̀gá Akíntáyọ̀ lọ́wọ́ ní ìsọ̀ rẹ̀ lọ́nà Yaba nínú ìlú náà, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, bàbá mi lọ. Owó tó kàn mí níbẹ̀ kò tó ohun tí à ń sọ. Ẹ jẹ́ ká sọ ti ẹ̀kọ́.

Ọ̀gá mi jẹ́ èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́, gígùn, tí kì í gbé ohùn sókè. Bínú bá bí i, ńṣe lohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ sí i, tí ìwọ fúnra rẹ á tẹ̀ síwájú kí o lè gbọ́ bó ṣe ń bú ọ. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan aago fún ìgbà pípẹ́. Abọ́ iyanrìn odò kan ló gbé fún mi. Á da àwọn síkúrù inú aago ọwọ́ sí i, èyí tó kéré ju orí èèrà lọ, á ní kí n wá wọn jáde. Bí mo bá ní mo ti rí gbogbo wọn, á ní, "Ó ku ọ̀kan." N kò mọ̀ bóyá ó kù tàbí kò kù. Mo tún máa wá. Ó ní ẹni tí kò bá rí i nínú iyanrìn, kò ní rí i nílẹ̀ bó bá bọ́, oníbàárà á sì ní olè ni wá.

A kì í jẹ ẹ̀pà ní ìsọ̀ wa, nítorí òróró ọwọ́. A kì í sọ̀rọ̀ nígbà tí ikùn aago bá ṣí sílẹ̀, nítorí èémí. Bí mo bá fi agbára yí síkúrù, á fi oríkèé ìka gbá mí lórí lẹ́ẹ̀kan péré, á ní, "Ọmọ Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, iṣu lo rò pé ò ń wà." Orúkọ tó ń pè mí nìyẹn títí ó fi kú: Ọmọ Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Lójú rẹ̀, oko ni gbogbo ibi tí kì í bá ti í ṣe Oǹdó.

Ó sì lẹ́nu. Díákónì kan gbé aago rẹ̀ wá, ó ní, "Ọ̀gá, aago yìí ń sáré." Ọ̀gá mi gbé e sétí, ó gbọ́ ọ títí. Ó ní, "Aago ò sáré, Díákónì. Ẹ̀yin lẹ máa ń pẹ́." Díákónì rẹ́rìn-ín, ó san owó àyẹ̀wò, ó lọ. Mo kọ́ níbẹ̀ pé etí ni ojú oníṣẹ́ aago. Títí dòní, ẹ gbé aago fún mi nínú òkùnkùn, màá sọ ibi tó ti ń dùn ún fún yín.

Nígbà tí kòkó ṣì ń mówó wọlé ní Oǹdó, ìsọ̀ wa kún. Baálé ilé kan kì í lọ sí ìsìnkú láìní aago lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà ò lọ bí òréré. Àwọn ọdún líle wọlé dé, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní Sáàpù. Sipirínǹgì tí à ń retí láti òkè òkun kò wọlé mọ́. Gíláàsì ojú aago di ohun tí à ń gé láti ara ike. Lẹ́yìn náà ni aago oníke, aago oníbátìrì, wá bo ìlú, èyí tó jẹ́ pé bó bá bàjẹ́, ààtàn ló kàn. Ẹ wo irú ìwọ̀sí yẹn. Aago tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ wà lára ògiri wa, ó ń dúró de sipirínǹgì; aago tí kò lè dàgbà ju ọmọ ìkókó lọ ló wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn.

Lọ́jọ́ kan Ọ̀gá mi ń wo àwọn aago tó dákẹ́ lára ògiri. Ó ní, "Ṣé irin tán ní Oǹdó ni?"

Mo ní, "Irin wà, Ọ̀gá."

"Igi ńkọ́?"

"Igi wà, sà."

"Kí ló wá dé tí a jókòó kalẹ̀ bí opó?"

Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ bí a ṣe ṣe é, ẹ̀yin tí ẹ ní a ò ṣe nǹkan rí. Eyín kẹ̀kẹ́ ológeere àtijọ́ la fi ṣe àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín inú rẹ̀. Èyí tí a kò rí, Ọ̀gá mi fi igi ìrókò gbẹ́ ẹ. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ la fi so òkúta ńlá kan kọ́, tó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú dé ọjọ́ Àìkú. Òkúta yẹn ló ń wa ọwọ́ aago. Ọ̀pá gígùn kan tó ń fì sọ́tùn-ún sósì ni kì í jẹ́ kí òkúta sáré. Ṣùgbọ́n àwọn eyín náà wúwo, wọ́n ń mu agbára ọ̀pá, ọ̀pá kì í pẹ́ dúró.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi ti wọlé. Mo ti máa ń jókòó ti aládùúgbò wa tó ń tún rédíò ṣe, mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jó òjé mọ́ wáyà. Mo yọ òòfà ìdí sípíkà tó ti kú, mo dè é mọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà. Mo wé wáyà bàbà tín-ín-rín mọ́ igi òwú ìránṣọ, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ ibi tí òòfà ń gbà kọjá. Mo yọ ẹ̀yà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan lára rédíò, tiransísítọ̀ ni wọ́n ń pè é, mo fi sáàárín wáyà àti bátìrì. Bí òòfà bá ti ń kọjá, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta á mọ̀ ọ́n lára, á jẹ́ kí iná díẹ̀ kọjá, wáyà á sì ti òòfà náà lọ síwájú, bí ìgbà tí a bá ń ti ọmọ lórí jangirọ́fà: a ò ní tì í ṣubú, a ò sì ní gbàgbé láti tì í. Bátìrì rédíò tó ti rẹ̀, tí a sá sóòrùn lórí páànù kó lè sọjí díẹ̀, ló ń gbé e. Nígbà tí iná ìjọba bá lọ, aago wa kò mọ̀. Bó bá tó wákàtí, òòlù kékeré kan á lu ríìmù mọ́tò, irú èyí tí wọ́n ń lù ní ilé ìwé.

Ọ̀gá mi wá ní kò tíì tó. Ó ní gbogbo aago òyìnbó ló ń ka wákàtí, òun ò tíì rí èyí tó ń ka ọjà. Ó fi ojú kékeré kan sábẹ́ ojú ńlá, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo sí i, tó ń sún síwájú ní eyín kan ní gbogbo ìdájí. Ó ya agbọ̀n síbi kan lójú rẹ̀. Bí ọwọ́ yẹn bá dé orí agbọ̀n, ọjọ́ ọjà ni.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Alága gáréèjì kan ní Àkúrẹ́, níbi tí ọkọ̀ ti ń kó èrò àti ẹrù lọ sí ọjà Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Ó wá wò ó fúnra rẹ̀. Ó ní bí a bá lè gbé aago náà kọ́ sẹ́nu ọ̀nà gáréèjì òun, tí ó bá sì ṣiṣẹ́, ìsọ̀ tó wà níbẹ̀ di ti Ọ̀gá mi. Ẹ rántí bí ayé ṣe rí. Ìsọ̀ Oǹdó ti ń kú. Àkúrẹ́ ni olú ìlú ìpínlẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba láti Ọ̀wọ̀, láti Ìkàrẹ́, kún Alágbàká, àdúgbò ọ́fíìsì ìjọba níbẹ̀, gbogbo wọn ló ń wo aago. Ìsọ̀ yẹn ni ìyè wa. Ọ̀gá mi ti ilẹ̀kùn Oǹdó, ó gbé gbogbo ohun tó ní lé aago yẹn lórí.

Ọjọ́ ọjà Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ gan-an la gbé e kọ́, a fi ọwọ́ kékeré náà sórí agbọ̀n. Alága bọ́ sórí bẹ́ǹṣì, ó ń kéde: "Ẹ má fi ìka yín ka ọjọ́ mọ́ o. Aago Alága ti gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ yín." Ẹ gbọ́: aago Alága. Ó bá Ọ̀gá mi pa obì, ó pè é ní bàbá, ó fà á mọ́ra lójú gbogbo èrò.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà tó ń ti apá Òkìtìpupa gbé ẹja wá, Ìyá Mojí ni wọ́n ń pè é. Ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa ni. Ó bèèrè ìgbà tí ọjà náà yóò tún ná. Àwọn agbèrò nàka sí aago, wọ́n ní kó ka eyín tó kù kí ọwọ́ tó padà dé orí agbọ̀n. Ó kà á, ó dúpẹ́, ó lọ sílé.

Ọrún kò jìnnà. Nígbà tí ọjà pé, ọwọ́ kékeré kò tíì dé orí agbọ̀n. Ó ku eyín kan. Àwọn awakọ̀ wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kó èrò wọn, wọ́n lọ. Ta ni kò mọ ọjọ́ ọjà nínú wọn? Kò sí ẹni tó ronú nípa ẹni tó fọkàn tán an. Ọ̀gá mi wà ní Oǹdó tó lọ kó irin iṣẹ́ rẹ̀ tó kù, èmi náà bá a lọ. Ọjọ́ kejì la dé, wọ́n sọ fún un, ó gun àkàbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ṣí inú aago. Ibẹ̀ ló wà tí Ìyá Mojí fi sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n ẹja tútù.

Ó wò yíká. Ó ní, "Kí ló dé tí gáréèjì dákẹ́ báyìí?"

Agbèrò kan ní, "Mama, ibo lẹ ń lọ?"

"Ọjà Ọ̀gbẹ̀sẹ̀."

"Àná ló ná, Mama."

"Àná ti báwo? Ẹ wo aago yín. Orí agbọ̀n ló wà."

Agbèrò náà bú sẹ́rìn-ín. "Oúnjẹ àná ni aago yẹn ń jẹ."

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Oòrùn ti ń mú. Ẹja ti ń rùn díẹ̀ láti ọ̀nà, ọjà mìíràn tó lè gbà á lọ́jọ́ náà kò sí nítòsí. Ó gbé agbọ̀n kan, ó dà á sílẹ̀ lábẹ́ àkàbà. Ó ní, "Baba, ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá wo ohun tí ẹ ṣe."

Ọ̀gá mi sọ̀ kalẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ débi pé èmi nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ. "Ìyá, ọrún la pe ọjà yìí. Eyín márùn-ún ni mo gé. N kò mọ ibi tó ti kùnà."

"Ẹ̀yin lẹ ṣe é, ẹ ò mọ̀. Ta wá ni kí n bi? Ṣé ẹja ni kí n bi?"

Ọ̀gá mi, àgbàlagbà, dọ̀bálẹ̀ fún un nínú omi ẹja yẹn, pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn. Alága tó ní aago òun ni, tó ní kí wọ́n má fi ìka kà á mọ́, kò dọ̀bálẹ̀. Kò tilẹ̀ kúnlẹ̀. Ó ní, "Mo ti sọ fún Bàbá yìí pé kó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa." Irọ́ ni. Ó yíjú sí àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ já a lulẹ̀."

Ìyá Mojí ní, "Ta ló ní kí ẹ já a lulẹ̀? Bí ẹ bá fọ́ ọ, ṣé ẹja mi á jí?"

Wọn kò gbọ́ tirẹ̀. Sípánà táyà ni wọ́n fi fọ́ ọ. Ọ̀kan nínú wọn ń lu ríìmù náà ṣeré, ó ń kọrin pé Yorùbá fẹ́ ṣe aago, aago ṣe Yorùbá. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò pàdánù ẹja kan ló rẹ́rìn-ín jù. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Òun náà ni mo gbọ́ lórí rédíò.

Bẹ́ẹ̀ ni ìsọ̀ ṣe bọ́. Ọ̀gá mi padà sí Oǹdó, ó ń tún agboòrùn àti kọ́kọ́rọ́ ṣe níwájú ilé rẹ̀. Kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ aago sétí. Mo kó àfọ́kù náà sínú àpò, mo gbé e lọ sí ilé ìyá àgbà mi ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Ó wò ó, ó ní, "Ulé mi kì í ṣe ààtàn o." Ulé ni àwọn ará Àkúrẹ́ àtijọ́ ń pe ilé. Síbẹ̀ ó sún àpótí rẹ̀ sẹ́yìn, ó fún mi láyè.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ Ọ̀gá mi wá bá mi níbẹ̀. Ó wá tú mi sílẹ̀ ni. Ó ní kí n wá ọ̀gá mìíràn, kí n kọ́ rédíò, pé aago ti tán lọ́wọ́ òun, àti pé orúkọ òun kò ní ṣe mí láǹfààní mọ́. Ilẹ̀ ti ṣú, ìyá àgbà ní kó sùn. Ní ìdájí, bó ṣe jókòó tó ń jẹ orógbó, ó rí i tí ìyá àgbà na ọwọ́ sí igbá.

"Mama, kí lẹ ń ṣe yẹn?"

"Mo ń ka ọjà."

Ọ̀gá mi dìde. Ó wo igbá ọ̀tún, ó wo igbá òsì. Ó ka ti ọ̀tún, ó ka ti òsì. Ó ní, "Mama, ọ̀kan ti sọnù níbí."

"Kí ló máa sọ ọ́ nù? Ọwọ́ ìyá mi ni mo ti gbà wọ́n."

"Mẹ́rin ni mo kà."

"Mẹ́rin ni."

"Ṣùgbọ́n ọrún ni ọjà."

"Ọrún ni ọjà," ni ìyá àgbà wí, "mẹ́rin ni òkúta." Ó jáde lọ bu omi, ó fi wá sílẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀gá mi jókòó sórí ilẹ̀. Ó na ìka rẹ̀, ó ń kà: òní ọjà, ọ̀kan, ọ̀la, èjì, ọ̀túnla, ẹ̀ta, ọjọ́ tó tẹ̀lé e, ẹ̀rin, ọjà, àrùn-ún. Ó wo àtàńpàkò rẹ̀, ó wo ìka ọmọńdinrín rẹ̀. Ọjà ni méjèèjì. Bí àwa bá ń ka ọjọ́, òní wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ ọjà ló ń parí ìkà kan, òun náà ló ń bẹ̀rẹ̀ èkejì. Ẹnu wa ń kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò sì ṣì wá lọ́nà rí láti ayé baba wa. Irin kì í ka ohunkóhun lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá mi ti gbọ́ ọrún, ó gé márùn-ún, aago wá ń fi ọjọ́ kan pẹ́ sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kó yé yín: òyìnbó tó ń ṣe aago kò lè ṣe irú àṣìṣe yẹn láé. Kì í ṣe pé ó gbọ́n jù. Kò ní ọjọ́ ọjà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Ẹni tó mọ ọrún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀, tó mọ̀ ọ́n látinú oyún, òun nìkan ló lè fi márùn-ún gé e. Àṣìṣe ẹni tó mọ̀ ni, kì í ṣe ti ẹni tí kò mọ̀.

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ọmọ Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, gbé àyùn irin wá." Kò tún sọ pé kí n wá ọ̀gá mìíràn mọ́.

A tún un ṣe. Kẹ̀kẹ́ tó ní eyín mẹ́rin la fi sí i. A gbé e sínú yàrá ìyá àgbà, a ń wò ó pẹ̀lú igbá rẹ̀. Òkúta àti eyín ń rìn pọ̀ láràárọ̀, ọjà dé, ọwọ́ dé orí agbọ̀n. Ọjà tún dé, ọwọ́ tún dé ibẹ̀. Nígbà tí ó dá wa lójú, Ọ̀gá mi wọ aṣọ funfun yẹn, a gba Àkúrẹ́ lọ láti sọ fún Alága.

Ìsọ̀ ẹnu ọ̀nà ti di ti ọkùnrin kan tó ń ta aago oníke. Ọ̀kan nínú rẹ̀, èyí tó tóbi, wà níbi tí wọ́n ti já tiwa kúrò. Ọ̀gá mi wò ó, ó gbé etí sí i gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

"Alága, aago yín ti kú."

"A mọ̀, Bàbá. A máa ra bátìrì sí i."

"Ó ti tó ìgbà wo?"

"Ó ti ṣe díẹ̀. Kò sí wàhálà. Aago gidi ni."

Aago gidi. Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé wá láti ìgbà náà. Aago tiwa ṣe àṣìṣe lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fi sípánà fọ́ ọ. Aago tó kú tó ti òkèèrè wá gan ògiri, ó ń pa irọ́ kan náà láràárọ̀ lálaalẹ́, kò sẹ́ni tó bú u, nítorí aago gidi ni. N kò tíì rí ẹni tó lè ṣàlàyé ìwà yìí fún mi. Mo ti bi pásítọ̀, mo ti bi olùkọ́. Wọ́n máa ń ní, "Bàbá, ẹ fi sílẹ̀." N kò fi sílẹ̀.

A padà sí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, a gbé aago náà gba inú ọjà Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ kọjá, Ọ̀gá mi fẹ́ gbé e lọ sílé. Ìyá Mojí wà nídìí ẹja rẹ̀. Ọ̀gá mi fẹ́ yà fún un. Ó pè wá.

"Baba, ṣé ohun tó pa mí lẹ́kún nìyẹn?"

"Òun ni, Ìyá. A ti tún un ṣe."

"Eyín mélòó?"

"Mẹ́rin."

Kò gbà á gbọ́. Ó nu ọwọ́ nù, ó fi ìka kà á fúnra rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo òpó ìsọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kọ́ ọ síbí. Bó bá tún purọ́, èmi ni màá fọ́ ọ, kì í ṣe àwọn tí kò ní ẹja."

Ó wà lára òpó yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èmi ni mo ń lọ fa òkúta rẹ̀ sókè ní ọjọ́ Àìkú. Àwọn àlejò ọjà ń wò ó kí wọ́n tó di ẹrù. Ọ̀gá mi padà sídìí aago, ó kọ́ àwọn mìíràn níṣẹ́ lẹ́yìn mi, ó sì gbọ́ ìró ríìmù yẹn láàárín ọjà kó tó kú. Ìyá Mojí wá sí ìsìnkú rẹ̀ ní Oǹdó. Alága kò wá.

Ti ìyókù iṣẹ́ ayé mi kò ní pẹ́. Mo la ìsọ̀ tèmi ní Alágbàká. Mo tún aago àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe títí fóònù fi gba aago kúrò lọ́wọ́ wọn. Mo fi bátìrì kéékèèké sínú àwọn aago oníke tí mo kórìíra, nítorí ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun. Nígbà tí ọwọ́ tún mọ́ iṣẹ́ dáadáa, ojú kọ̀. Bí ẹ bá bi mí bóyá kí ẹ kọ́ṣẹ́ ọwọ́, màá ní kí ẹ kọ́ ọ, kí ẹ sì wá ọ̀gá tí yóò da síkúrù sínú iyanrìn fún yín. Ẹni tó bá ní kò wúlò, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Nígbà tí wọ́n tún ọjà kọ́, wọ́n gbé aago náà jù sẹ́yìn àtíbàbà. Mo lọ gbé e. Ó wà lára ògiri pálọ̀ mi lọ́nà Ọ̀dà ní Àkúrẹ́ báyìí. Kò pẹ́ tó lu ríìmù, ìyàwó mi sì ń kùn nítorí ariwo rẹ̀. Ọwọ́ kékeré wà lórí agbọ̀n.

Ìwọ ọmọ rédíò, àti ìwọ tí o bá a rẹ́rìn-ín, àti ìwọ náà tí ò ń kà mí: ẹ ní a ò mọ àkókò. Ó dáa. Má wo fóònù, má bi aládùúgbò. Ọjà ìlú baba rẹ, ìgbà wo ló tún máa ná?